Ohùn Tó Ti Ṣọ́ọ̀bù Mùfútáù Pa

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi dín ohùn fóònù yẹn kù díẹ̀, kí ẹ sì sún mọ́ mi. Orin tó ń jáde nínú rẹ̀ kò bí mi nínú. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé kò sí ẹni nínú yín tó béèrè ibi tó ti wá. Ẹ fọwọ́ kan gíláàsì, ohùn ẹni tí ẹ kò rí rí wọ yàrá wá bá yín, ẹ sì ń jẹun yín lọ. Nígbà tiwa, ohùn kì í ṣàdédé dé. Ó ní ẹni tó mú un wá, ó ní ọ̀nà tó gbà, ó sì ní ilé tí a ti lè lọ bá a. Ohùn tí a kò bá mọ ẹni tó ni ín, a máa ń fura sí i. Mo rí ìgbà tí irú ìfura bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ọkùnrin kan kúrò nílùú.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì ni nígbà náà. Mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo sì padà sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgbà Sáàpù ni. Ìjọba ní ètò ọrọ̀ ajé ni, àwọn ìyá wa ní ìyàn ni. Ẹni tó kàwé ń gbé ìwé ẹ̀rí kiri bí ẹni tó ń kiri ọjà tí kò tà. Kí n má baà máa jókòó sílé kí bàbá mi máa wò mí, mo ń lọ jókòó ní Sábó, ní ṣọ́ọ̀bù Mùfútáù tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mùfú Rékọ́ọ̀dù.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Mùfútáù. Iṣẹ́ ló gbé e wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ti gbé ìyàwó níbẹ̀. Mùsùlùmí ni baba rẹ̀, òun náà kì í sì í pa ìrun jẹ. Ṣùgbọ́n ilé ọlọ́jẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀, ìyẹn àwọn tí ń sin eégún láti ìran dé ìran. Mo sọ èyí kí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lè yé yín.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa da orin kọ láti inú kásẹ́ẹ̀tì kan sí òmíràn. Ẹ óò mú kásẹ́ẹ̀tì òfìfo wá, tàbí èyí tó ti sú yín, ẹ óò sọ orin tí ẹ fẹ́, ẹ óò sì bá tiyín lọ. Ẹ̀rọ kan á máa kọrin, èkejì á máa gbà á. Kò sí bí a ṣe lè yára sí i. Bí orin bá gùn, a ó jókòó tì í títí yóò fi parí. Bí téèpù bá lọ́ mọ́ ẹ̀rọ lẹ́nu, Mùfútáù á rọra fà á yọ bí ẹni tó ń fa ìfun adìẹ, á ki báírò bọ ihò kásẹ́ẹ̀tì, á sì máa yí i padà wọlé. Ìró yíyí yẹn, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, mo ṣì ń gbọ́ ọ nínú etí mi nígbà mìíràn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa kọ orúkọ orin sí ara páálí, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó gbé Mùfútáù ga ni lẹ́tà ẹnu. Ẹ mọ̀ pé àwọn ènìyàn wa ti fọ́n ká láti ayébáyé, sí Jọ́ọ̀sì, sí Gáànà, sí Àbíjàn. Ìyá tí kò mọ̀wé, tí ọmọ rẹ̀ wà ní Àbíjàn, ọ̀dọ̀ Mùfútáù ló ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó ń lọ sọ́hùn-ún lè bá a mú un lọ. Mo rí ìyá àgbà kan tó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí ẹ̀rọ náà pé ẹ kú iṣẹ́ o, tó sì dúró kí ó dáhùn. Mùfútáù ní kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ, ó ń gbọ́. Màmá bi í pé ṣé kò ní í sọ ọ́ fún ẹlòmíì. Ó ní kò ní í sọ. Màmá wo ẹ̀rọ náà fún ìgbà díẹ̀, ó wo Mùfútáù náà, kó tó la ẹnu.

Ojú tí ó fi wò ó yẹn, ojú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wò ó nìyẹn. Mùfútáù mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò fi nǹkan ránṣẹ́ mọ́, ó mọ ẹni tí aya rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ kó padà wálé. Mi ò gbọ́ kó tú àṣírí kan rí. Síbẹ̀, ẹni tó mọ àṣírí wa, a kì í lè fi gbogbo ọkàn fẹ́ràn rẹ̀. Ó sì tún jẹ́ àlejò.

Sábó kì í dákẹ́ nígbà náà. Ìpè ìrun àárọ̀ ló ń jí wa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ará Òkè Ọya tí ń ta àlùbọ́sà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àpò kalẹ̀, ẹ̀rọ ìlọta á ké. Ṣùgbọ́n bí Mùfútáù bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, tirẹ̀ ló ń borí. Ó gbé àpótí ohùn ńlá méjì sí abẹ́ páànù lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú wọn sí títì. Orin tó bá ń dà kọ fún oníbàárà, gbogbo àdúgbò ló ń bá oníbàárà gbọ́ ọ, ìbáà ṣe fújì, ìbáà ṣe àpàlà, ìbáà ṣe wáàsí àwọn àfáà. Ìpolówó ọjà rẹ̀ nìyẹn. Àṣà yìí náà ló kó bá a.

Àgùnbánirọ̀ kan wà nígbà náà tó ń jẹ́ Ètìm, ọmọ ìhà Kàlàbá, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ìwé girama kan. Ó ní ọ̀rẹ́ kan ní ìlú òtútù lókè òkun tí wọn kò fojú kan ara wọn rí. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ètìm á fi orin ilẹ̀ wa ránṣẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á fi tiwọn ránṣẹ́. Nígbà tí ó fẹ́ kúrò nílùú, ó mú kásẹ́ẹ̀tì kan wá kí Mùfútáù da òmíràn kọ láti inú rẹ̀, ó ní òun á rán ẹnìkan wá gbà á. Ó sọ fún mi pé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló kọ ọ́, pé àwo orin wọn àkọ́kọ́ nìyẹn, àti pé àwọn ẹgbẹ́ olórin mìíràn lókè òkun ti ń fara wé e. Mo gbọ́, mi ò gbà á gbọ́ tán. Ẹni tó fẹ́ràn nǹkan kì í mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ní ara páálí rẹ̀, àwòrán dúdú àti funfun kan wà tí a ti dà kọ títí ó fi ṣú: igi tí kò léwé, àti nǹkan kan tó dúró láàárín wọn tí mi ò lè sọ bóyá ènìyàn ni.

Kí n má fi yín sínú òkùnkùn, òótọ́ ni Ètìm sọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni ọmọbìnrin mi bá mi wá a, mo sì ka ohun tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ kọ. Àwọn ọmọ tí kò tí ì tó ogún ọdún ni wọ́n, inú yàrá kékeré kan ni wọ́n ti kọ ọ́, àwọn olórin tó ń ké bíi tiwọn sì ń pè é ní ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ lónìí kò wúlò fún Mùfútáù lọ́jọ́ náà. Ètìm ti lọ, kò fi àdírẹ́sì sílẹ̀, ẹni tó ní òun á rán wá kò sì yọjú.

Ọdún eégún ti wọlé lọ́sẹ̀ yẹn, àgbàdo tuntun sì ti kún ìgboro. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo eégún lórí tẹlifíṣàn, ẹ kò mọ ohun tó ń jẹ́ pé kí àtòrì máa dún lẹ́yìn ẹni. Gbogbo àdúgbò á dà gììrì, a ó sá, a ó máa rẹ́rìn-ín, a ó tún padà lọ wò ó. Èmi gan-an ti fi ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ nínú gọ́tà rí. Àwọn àgbà á máa ní ká rọ́jú, bó ṣe ń rẹ ará ayé náà ló ń rẹ ará ọ̀run. Ọkàn ìlú ti wà lọ́dọ̀ eégún nígbà náà, etí gbogbo ènìyàn sì ti là.

Mùfútáù kò gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà wò tẹ́lẹ̀. Ó tì í bọ ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé lọ ṣe àlùwàlá. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo wà, mò ń kọ nǹkan. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ariwo kan bí ìgbà tí ayùn bá ń ge irin. Ìlù tẹ̀ lé e, ó yára ju ohun tí mo rò pé ọwọ́ ènìyàn lè lù. Lẹ́yìn náà ni ohùn náà jáde: ohùn tó há, tó sì jìn, bí ẹni pé abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń bọ̀. N ò ní í purọ́ fún yín, ara mi bù máṣọ. Kò sí ọmọ ilẹ̀ wa kan tí kò mọ irú ohùn tó jọ. Ohùn tí eégún fi ń bá ará ayé sọ̀rọ̀ ni.

Nígbà tí mo fi dé ẹnu ọ̀nà, títì ti dà rú. Ìyá kan tó ru ògì ti dà á sílẹ̀, ó ti ká aṣọ sókè, ó sì ti sá wọ ilé ẹni tí kò mọ̀ rí. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó bọ́ bàtà, ó ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àpótí ohùn. Àwọn tó sá ń wo ẹ̀yìn láti mọ ibi tí eégún wà, wọn kò rí i, ohùn náà kò sì sinmi. Àlàájì Gárúbà nìkan ni kò kúrò lórí àga rẹ̀. Àlùbọ́sà ló ń tà ní òdìkejì títì, ó sì ti wà ní Sábó kí wọ́n tó bí mi. Ó bi mí láti ọ̀hún pé, "Akọ̀wé, ta ló fún ràkúnmí ní ata jẹ?" Mo pa ẹ̀rọ náà.

Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ̀sùn mẹ́ta ti dé. Díákónì kan ní Èṣù ló ń wàásù nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Mo bi í pé ọ̀rọ̀ wo ni ó gbọ́, ó ní òun kò dúró gbọ́ ọ. Àfáà kan ní àlùjọ̀nnú ni, kí Mùfútáù máa ka àdúà. Èyí kò lè ṣe Mùfútáù ní ohunkóhun. Àdúà náà ló ń kà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta ló le. Àwọn ọlọ́jẹ̀ ní tiwọn ni ohùn náà, ẹnìkan ló gbé ẹ̀rọ wọ igbó ìgbàlẹ̀ lọ jí i, ó sì gbé e wá sí Sábó wá tà.

Nígbà tí a máa fi dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti fi màrìwò dí ẹnu ọ̀nà. Imọ̀ ọ̀pẹ tútù ni, wọ́n fà á láti òpó kan dé èkejì. Ẹ̀yin ti rí àgádágodo kóòtù. Àwọn ènìyàn ń já a. Èyí, ìka kan tó láti fà á já, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ fà á. Mùfútáù tó máa ń sọ pé òun kò bẹ̀rù ohun mìíràn lẹ́yìn Ọlọ́run, ó dúró níwájú rẹ̀ títí, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní kì í ṣe pé òun ń bẹ̀rù. Ó ní ìyá òun ló lè bínú sí òun. Ìyá rẹ̀ ti kú.

Baba Ọ̀jẹ́wùmí ni ó ṣáájú àwọn tó fi màrìwò náà síbẹ̀. Káfíńtà ni, èèyàn jẹ́jẹ́, òun ló kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà gan-an. Ó ránṣẹ́ pè wá sí ilé rẹ̀, ó fún wa ní omi, ó sì la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Bí Mùfútáù bá dárúkọ ẹni tó bá a gbé ẹ̀rọ wọ igbó, wọ́n á mọ bí wọ́n ṣe máa yanjú rẹ̀. Bí kò bá dárúkọ, kí ọdún eégún tó parí kí ó kó ẹrù rẹ̀, kí ó máa lọ sí ibi tó ti wá. Mùfútáù sọ ti Ètìm. Baba Ọ̀jẹ́wùmí béèrè ibi tí Ètìm wà. A kò mọ̀. Ó béèrè orúkọ ọ̀rẹ́ òkè òkun. A kò mọ̀. Ó wò wá, ó mi orí.

Ẹ wo bí ìfura ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo ní kò sẹ́ni tó rí Mùfútáù ní ẹ̀bá igbó. Ó ní olè kì í lọ níṣojú ènìyàn. Mo ní ìlù inú rẹ̀ kì í ṣe ìlù ilẹ̀ wa. Ó ní ṣé mo ti dé inú igbó rí tí mo fi mọ ìlù tí wọ́n ń lù níbẹ̀. Mi ò débẹ̀ rí. Ohun tí a kò rí ń di ẹ̀rí, ohun tí a rí náà ń di ẹ̀rí. Ọmọ ilé ọlọ́jẹ̀ ni ìyá Mùfútáù, igbó ilé ìyá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n sì ní ó ti jí i. Òun ló ni ẹ̀rọ tí ń gba ohùn. Ó ń gba ti ará ayé tà, kí ni yóò dá a dúró níbi ti ará ọ̀run? Bí mo bá fi ara mi sí ipò wọn, mi ò lè sọ pé wọ́n ya wèrè.

Lẹ́yìn náà ni Baba Ọ̀jẹ́wùmí kọjú sí mi. Ó ní, "Akọ̀wé, ìwọ lo kàwé nínú wa. O sọ pé òyìnbó ló kọ ọ́. Ṣé o gbọ́ gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀?"

Wọ́n gbé ẹ̀rọ wá, wọ́n lé àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé jáde, mo sì fi etí sí i. Mo tún ní kí wọ́n dá a padà. Gbogbo ojú ló wà lára mi. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gẹ̀ẹ́sì, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ rárá. Mi ò rí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí mo lè búra lé lórí, mo sì sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a jáde, Mùfútáù ń ṣáájú mi lọ títí a fi dé ìkóríta. Ibẹ̀ ló ti dúró. "Akọ̀wé, kí ló ṣe ọ́? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. O ò bá ní o gbọ́ 'kọ́m', tàbí o gbọ́ 'gó'. Ta ló máa mọ̀?"

Mo ní èmi á mọ̀.

"Ẹ ṣeun, ẹni mímọ́," ló wí. "Màá fi òótọ́ rẹ dáná nígbà tí mo bá dé Ọ̀yọ́."

Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo ti ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré. Ọjọ́ náà ni mo tó rí ọjà náà.

Ìyàwó Mùfútáù ló wá ọ̀nà àbáyọ. Ó lọ bẹ Baba Ọ̀jẹ́wùmí pé bí wọ́n bá ní ilé ìyá ọkọ òun ni ohùn ti jáde, kí wọ́n gbé e lọ bá àwọn onílé kí wọ́n dá a mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá Mùfútáù, Bàbá Àrẹ̀mú, ni àgbà ọlọ́jẹ̀ ilé náà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Baba Ọ̀jẹ́wùmí gbà. Ó ní ohun tí Bàbá Àrẹ̀mú bá sọ ni abẹ gé.

Àwa mẹ́ta la wọ bọ́ọ̀sì. Baba Ọ̀jẹ́wùmí so kásẹ́ẹ̀tì náà mọ́ etí aṣọ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà pààrọ̀ rẹ̀, èmi sì gbé ẹ̀rọ sórí itan. Nígbà tí a dé Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, Mùfútáù fẹ́ ra bátìrì. Baba Ọ̀jẹ́wùmí ní rárá, òun ló máa rà á, lọ́wọ́ ẹni tí òun bá yàn. Ó yí ọjà ká kó tó yan ẹnìkan. Mi ò bínú sí i. Èmi náà ń fura ní tèmi: mo ń rò ó pé arúgbó tí a ń lọ bá yìí lè gbe ọmọ àbúrò rẹ̀, ó sì tún lè jù ú sílẹ̀ kí orúkọ ilé má baà bàjẹ́. Nínú méjèèjì, mi ò mọ ibi tí òótọ́ yóò gbà wọlé.

Orí ẹní la bá Bàbá Àrẹ̀mú, ó tẹ́ ẹ sí iyàrá iwájú, ó ń yín àgbàdo. A dọ̀bálẹ̀. Ó dá Baba Ọ̀jẹ́wùmí lóhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó kí mi, lẹ́yìn náà ni ó wo Mùfútáù.

"Ìwọ nìyí? Mo rò pé Mẹ́kà lo wà."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Iṣẹ́ ni."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún eégún mélòó ni iṣẹ́ ti jẹ?"

Baba Ọ̀jẹ́wùmí rojọ́ láìfi ohunkóhun kún un, mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Bàbá ní kí àwọn obìnrin bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì ní kí n tẹ̀ ẹ́.

Ojú Bàbá Àrẹ̀mú ni mò ń wò, nítorí mo fẹ́ mọ ohun tó bá ṣe kó tó rò ó. Nígbà tí ohùn náà kọ́kọ́ ké, arúgbó náà dìde. Kò dìde tán. Ó gbé ara sókè lórí ẹní, ọwọ́ rẹ̀ lọ sí fìlà rẹ̀, bí ẹni tí àgbà rẹ̀ wọlé bá. Lẹ́yìn náà ló jókòó padà, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó sì mú àgbàdo mìíràn bí ẹni pé torí àgbàdo la ṣe wá. Baba Ọ̀jẹ́wùmí ti tẹrí ba, Mùfútáù ti dijú. Èmi nìkan ni mo rí i.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní kí n dá a padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì àwọn ará ọ̀run ilé rẹ̀ sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohùn jẹ́jẹ́, ó ń dúró lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohùn inú ẹ̀rọ kò dúró. Ó ń ké lọ ní tirẹ̀. Nígbà tí ó kì wọ́n tán, Bàbá ní kí n pa á.

Ó ní, "Ọ̀jẹ́wùmí, kì í ṣe tiwa. Tiwa, bí a bá pe baba rẹ̀, á dúró dáhùn. Èyí kò mọ baba ẹnìkankan."

Baba Ọ̀jẹ́wùmí gbójú sókè. "Kí ẹ̀mí yín gùn, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni. Ohun tó ti gbà sínú ló ń sọ. Bó jẹ́ tiyín, bí kò jẹ́ tiyín, kò lè dúró."

Inú mi lọ́hùn-ún, mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Àyẹ̀wò náà kò tọ́. Mo wo Mùfútáù, mo rí i pé òun náà mọ̀. Ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó, ọdún gbogbo tó ti lò ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo rẹ̀ wà lórí ẹní náà láàárín ṣùkù àgbàdo.

Bàbá Àrẹ̀mú kò bá Baba Ọ̀jẹ́wùmí jiyàn. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ló kọjú sí.

"Mùfútáù, ọ̀nà wo là ń gbà lọ sí igbó wa?"

"Bàbá, mi ò mọ̀."

"Ọjọ́ wo là ń lọ?"

"Mi ò mọ̀."

"Ta ní ń ṣáájú wa débẹ̀?"

"Bàbá, ẹ ò mú mi débẹ̀ rí."

"Ìwọ ni o ò wá. A retí rẹ títí. Ìyá rẹ retí rẹ." Ó yíjú sí Baba Ọ̀jẹ́wùmí. "Ṣé o gbọ́? Olè tí kò mọ ojú ọ̀nà, tí kò mọ ọjọ́, kí ló máa jí? Àlejò lásán ni nínú ilé yìí. Lọ tú màrìwò rẹ."

Baba Ọ̀jẹ́wùmí gbà. Ó ní èyí tẹ́ òun lọ́rùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì na ọwọ́ sí Mùfútáù. Mùfútáù bọ ọwọ́ náà, ṣùgbọ́n kò gbé orí sókè. Mo ti rí àwọn tí wọ́n dá láre rí. Mi ò tí ì rí èyí tí ojú tì tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, Baba Ọ̀jẹ́wùmí na ọwọ́ láti mú kásẹ́ẹ̀tì náà. Bàbá Àrẹ̀mú fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti ń kánjú láti lọ. Èmi mọ̀ọ́mọ̀ rọ́ sẹ́yìn, mo ń so okùn ẹ̀rọ.

Mo rọra ní, "Bàbá, mo rí i nígbà tí ẹ dìde."

Ó ń bá àgbàdo yíyín lọ. "Wọ́n ní ìwọ ni wọ́n bi bóyá gẹ̀ẹ́sì ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"O ní o ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì kankan."

"Mi ò gbọ́ ọ ni, Bàbá."

"Ó dáa. Ìwọ sọ ohun tí o gbọ́, èmi náà sọ̀rọ̀ tèmi. Máa lọ, bọ́ọ̀sì kò ní í dúró dè ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Baba Ọ̀jẹ́wùmí fúnra rẹ̀ tú màrìwò náà, ó sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà títí di ọ̀sán kí gbogbo Sábó lè rí i níbẹ̀. Ìyá ológì kò gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá mọ́. Àwọn onílẹ́tà ẹnu padà, díẹ̀díẹ̀. Mùfútáù ṣe iṣẹ́ náà títí ayé kásẹ́ẹ̀tì fi kọjá. Ṣùgbọ́n láti ọdún tó tẹ̀ lé e, bí ọdún eégún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, á ti ṣọ́ọ̀bù, á sì gba Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ. Mi ò bi í ní ohun tó ń lọ ṣe.

Bàbá Àrẹ̀mú ti lọ tipẹ́. Ohun tó sọ fún wa, òótọ́ ni: ohùn náà kì í ṣe tiwọn, àwọn ọmọ ìlú òtútù kan ló ni ín. Ohun tí mo ti ń wọ̀n wò láti ọjọ́ náà wá ni bóyá òun alára mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo ti fi gbogbo ohun tí mo rí sórí òṣùwọ̀n, ọwọ́ tó lọ sí fìlà, àtẹ́lẹwọ́ tó bo kásẹ́ẹ̀tì, ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń tẹ̀ sí. Mo rò pé kò mọ̀. Mo rò pé, lójú tirẹ̀, ará ọ̀run ilé rẹ̀ ni a gbé wá sí orí ẹní rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì sẹ́ ẹ lójúkojú nítorí ọmọ àbúrò rẹ̀. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn láti ojú ọ̀nà, ó ti dìde tán, ó ti ṣí fìlà, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó sì ń gbé e wọ yàrá lọ.